Pè É Láti Ẹnu Ọ̀nà: Bí Fáìlì Python Ṣe ń Rí Ara Wọn Láti Fódà Sí Fódà



Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ojú ewé yìí dé. Kò béèrè pé kí òbí mọ kódù kọ. Ohun tó béèrè kò ju pé kí òbí mọ bí a ṣe ń júwe ilé fún àlejò lọ. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìyẹn?

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níhìn-ín ló ti ń kọ Python. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ti sọ pé kí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 lo èdè kọ̀ǹpútà méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èyí tí a ń fi ọ̀rọ̀ kọ, kì í ṣe èyí tí a kàn ń to léra bíi bíríkì aláwọ̀. Python ni ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ mú. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí ọdún 1989, ó sì gbé e jáde fún aráyé ní 1991. Orúkọ yẹn kò ti ara ejò wá o. Àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń jẹ́ Monty Python ló fi sọ ọ́.

Oríta kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń jáwọ́. Níbẹ̀rẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ, gbogbo nǹkan á sì máa lọ geere. Nígbà tí fáìlì yẹn bá gùn jù, tí wíwá nǹkan nínú rẹ̀ bá di wàhálà, wọ́n á pín in sí fáìlì kéékèèké, wọ́n á tò wọ́n sínú fódà. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ní kí ètò náà ṣiṣẹ́, ètò tó ṣiṣẹ́ lánàá, ohun tí wọ́n á rí ni:

`ModuleNotFoundError: No module named 'onka'`

Python ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan tó ń jẹ́ `onka`. Ọmọ á wo fódà, á rí i níbẹ̀ gbangba. Á wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni inú ti ń bí wọn. Àwọn kan á kó gbogbo rẹ̀ padà sínú fáìlì kan ṣoṣo, àwọn mìíràn á pa á tì, wọn ò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí ì bá ti parẹ́

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, dé oríta yẹn nínú ìsinmi tó kọjá. Ètò tó ń kọ kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 ló ń kọ ọ́ fún. Bí ìyá mi bá pè láti Ìbàdàn, tí wọ́n kí ọmọ náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní òun á ṣe eré ìdánwò kan fún un. Kọ̀ǹpútà á sọ pé ilẹ̀ mọ́, ọmọ á tẹ ìkíni tó yẹ. Kọ̀ǹpútà á ní ẹnì kan ń ṣiṣẹ́, ọmọ á tẹ "ẹ kú iṣẹ́". Lẹ́yìn ìbéèrè ogún, ètò náà á sọ iye tó gbà, kò sì ní í fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Á ní, "O gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún."

Ẹ mọ̀ pé ònkà wa kì í ṣe ohun tí a kàn ń há sórí. Mẹ́rìnlélógójì jẹ́ ogójì tí a fi mẹ́rin lé, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta la ti ń yọ márùn-ún kúrò. Láti oókan dé ẹẹ́rin a ń rò ó mọ́ ọn, láti aárùn-ún lọ a ń yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó ń bọ̀. Ọmọ náà kọ òfin yìí fún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù láti ròyìn.

Ìgbà tó pín iṣẹ́ náà sí fódà ni gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Ó kó ònkà sí fódà kan, ó kó ìkíni sí òmíràn, ìkíni kò sì rí ònkà mọ́ láti fi ka máàkì. Ó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, "Mọ́mì, mi ò ṣe mọ́. Kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì kí Màmá lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó tì í. Ẹ wo ohun tó fẹ́ ṣòfò: ìkíni, ònkà, àti ìfẹ́ ọmọ sí èdè ìyá rẹ̀, nítorí ìlà kan ṣoṣo tí kò bára mu nínú kódù.

Python kì í wá gbogbo ìlú

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni pé Python kì í wá fáìlì káàkiri inú kọ̀ǹpútà. Ó ní àkójọ àwọn ibi tó máa ń wò, orúkọ àkójọ náà ni `sys.path`. Ibi kìíní ni á kọ́kọ́ wò, bí kò bá rí i níbẹ̀ á bọ́ sí ìkejì, títí dé ìparí. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló ti ń dúró. Nínú àkójọ náà ni ibi tí àwọn irinṣẹ́ tó bá Python wá wà, àti ibi tí èyí tí a fi `pip` gbà sílẹ̀ wà.

Ibi kìíní yẹn ló ń da ọmọ láàmú. Ọ̀pọ̀ rò pé ibi tí fáìlì tó ń ṣe `import` wà ni Python ti ń wò. Àwọn mìíràn rò pé ibi tí àwọn fúnra wọn wà lójú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ ni. Kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Bí ọmọ bá pe fáìlì kan ní tààrà pé kó ṣiṣẹ́, fódà tí fáìlì tó kọ́kọ́ dìde yẹn wà ni ibi kìíní. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ló ń pinnu ibi tí gbogbo àwọn yòókù á ti máa wò.

Ẹ jẹ́ ká fi agbo ilé wò ó. Agbo ilé kan ní ojúlé méjì, ojúlé Ònkà àti ojúlé Ìkíni. Ẹnì kan jí nínú ojúlé Ìkíni, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó wá ń wá ojúlé Ònkà láàárín ibùsùn àti àpótí tó wà níwájú rẹ̀. Kò lè rí i láéláé. Kì í ṣe pé Ònkà ti kó lọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló wà. Ẹni tó ń wá a ni kò jáde sí gbangba. Ohun tí ọmọ mi ń ṣe nìyẹn. Ó wọ inú fódà ìkíni, ó sì tẹ `python owuro.py`. Láti àkókò yẹn, inú ojúlé Ìkíni nìkan ni Python mọ̀ ní agbo ilé náà.

Bí ọmọ tiyín bá ń jiyàn, ẹ ní kó fi ìlà méjì yìí sí òkè fáìlì tó ń pè:

```
import sys
print(sys.path[0])
```

Kọ̀ǹpútà á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó dúró sí. Ìgbà tí tèmi rí i pé ó parí sí `ikini`, ó ní, "Háà." Mi ò tún ní láti sọ púpọ̀.

Orúkọ ní kíkún, láti ẹnu ọ̀nà

Ẹ rántí bí a ṣe ń béèrè ènìyàn nílé. Bí ẹ bá wọ àdúgbò tí ẹ ní ẹ ń wá Táíwò, wọ́n á bi yín pé, "Táíwò wo? Ti agbo ilé wo? Ojúlé ta ni?" Ẹ̀yin náà á wá sọ orúkọ agbo ilé, ẹ ó sọ ojúlé, kí ẹ tó dárúkọ ẹni náà. Ìlànà tí Python fẹ́ gan-an nìyí. Bí a ṣe to iṣẹ́ náà nìyí:

```
ise_mi/
    ile_ede/
        __init__.py
        onka/
            __init__.py
            kika.py
        ikini/
            __init__.py
            owuro.py
```

`ise_mi` ni gbàgede tó wà níta. `ile_ede` ni agbo ilé. `onka` àti `ikini` ni ojúlé. `kika` àti `owuro` ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Nínú `owuro.py`, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọ `from onka.kika`. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí agbo ilé:

`from ile_ede.onka.kika import pe_onka`

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: lọ sí agbo ilé `ile_ede`, wọ ojúlé `onka`, bá `kika`, kí o gba iṣẹ́ tó ń jẹ́ `pe_onka` lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì kékeré tó wà láàárín àwọn orúkọ náà ló dúró fún "lẹ́yìn náà, wọ inú".

Ìyẹn jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì ni kí a dúró sí gbàgede ká tó pè. Ọmọ náà á padà sí `ise_mi`, á sì tẹ:

`python -m ile_ede.ikini.owuro`

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, `python3` tàbí `py` ni wọ́n ń tẹ̀ dípò `python`. `-m` yẹn ni kókó. Bí a bá fi í sí i, Python kò ní fi ojú ọ̀nà inú fódà wá fáìlì, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ló máa fi wá a, ibi tí a dúró sí nígbà tí a tẹ àṣẹ náà ló sì máa fi ṣe ibi kìíní nínú àkójọ rẹ̀. Nítorí náà kò sí `.py` ní ìparí rẹ̀, kò sì sí àmì ọ̀nà fódà. Láti gbàgede, gbogbo ojúlé ló hàn. Nígbà tí ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ báyìí, ètò náà jí, ó sì kí wa káàárọ̀.

Pípè láti inú ilé

Ọ̀nà kejì wà tí ọmọ lè bá pàdé nínú ìwé. Dípò kí `owuro` sọ orúkọ agbo ilé, ó lè fi àmì kékeré júwe:

`from ..onka.kika import pe_onka`

Àmì kan níwájú túmọ̀ sí "nínú ojúlé wa yìí". Méjì túmọ̀ sí "jáde sí agbo ilé tó bí ojúlé wa". Bí àwọn ará ilé ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn ni. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ agbo ilé tán kó tó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní ojúlé kejì wá. Ó dára nígbà tí ilé bá tóbi, tàbí bí a bá rò pé a lè yí orúkọ agbo ilé padà lọ́jọ́ iwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ pé ará ilé nìkan ló lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá pe `owuro.py` ní tààrà láìsí `-m`, Python á fún un ní orúkọ mìíràn fún ìgbà yẹn, `__main__`. Kò ní mọ̀ mọ́ pé ọmọ ilé `ile_ede` ni. Bó bá wá ń sọ pé "agbo ilé wa", Python á bi í pé agbo ilé wo. Ìdí tó fi ń kọ `attempted relative import with no known parent package` nìyẹn: ó ń júwe ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ òbí rẹ̀. Òògùn rẹ̀ kò yàtọ̀, `-m` láti gbàgede ni.

Èmi gba àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo orúkọ kíkún ná. Ẹni tó bá kà á lóṣù mẹ́fà sí i á mọ ibi tí nǹkan ti wá.

Fáìlì òfìfo yẹn ńkọ́?

Ẹ ti rí `__init__.py` nínú fódà kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ òfìfo, kò burú. Bíi pátákó orúkọ tí wọ́n kàn mọ́ ara ilé ni. Ó ń sọ fún Python pé agbo ilé gidi ni fódà yìí. Ọmọ lè sọ fún yín pé wọ́n ní kò pọn dandan mọ́. Òótọ́ ni. Láti Python 3.3 tó jáde ní ọdún 2012, fódà tí kò ní í náà ṣeé pè. Ṣùgbọ́n fódà aláìnípátákó kì í borí. Bí Python bá rí òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà níbòmíràn nínú àkójọ rẹ̀, tí ìyẹn sì ní `__init__.py`, ọ̀dọ̀ ìyẹn ló ń lọ, kódà bó bá wà ní ìsàlẹ̀ àkójọ. Kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kí àlejò ṣìnà nítorí pátákó tí kò náni ní kọ́bọ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi í sí i.

Fèrèsé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà

Bí ọmọ bá béèrè kiri, ẹnì kan á sọ fún un pé kó fi èyí sí òkè fáìlì rẹ̀:

`sys.path.append("..")`

Ó ń fi ibì kan kún àkójọ Python tipátipá. Ètò náà sì lè ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì méjì yẹn ń sọ pé "fódà tó wà lókè ibi tí mo dúró sí báyìí", ibi tí a dúró sí sì ń yí padà. Ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọmọ, ó kọ̀ lórí ti olùkọ́. Ó ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó kọ̀ lálẹ́ nítorí pé ọmọ ṣí ojú àṣẹ láti inú fódà mìíràn. Bíi kí a máa gba ojú fèrèsé wọlé ni. A ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí àlejò bá dé, ṣé fèrèsé la ó júwe fún un?

Bí iṣẹ́ ọmọ bá ti dàgbà, tó fẹ́ kí agbo ilé náà ṣeé pè láti ibikíbi nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀nà tó tọ́ ni kó kọ fáìlì `pyproject.toml` sí gbàgede, kó sì tẹ `pip install -e .` níbẹ̀. Ìyẹn ń fi orúkọ ilé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Python. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 13 kò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Òwe yìí bá fáìlì mu bó ṣe bá ọmọ mu. Mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́.

Àkọ́kọ́, kí ọmọ má fi orúkọ irinṣẹ́ tó bá Python wá sọ fáìlì. Eré ìdánwò nílò `random`, irinṣẹ́ tó ń mú ìbéèrè láìtẹ̀lé ètò. Bí ọmọ bá lọ sọ fáìlì tirẹ̀ ní `random.py`, ẹ rántí pé ibi kìíní ni Python kọ́kọ́ ń wò. Tirẹ̀ ló máa bá, `random` gidi kò ní ráyè. Á wá máa sọ pé `random` kò ní `choice`, ọmọ á sì rò pé Python ló ti bàjẹ́. Python 3.13 ti ń fi ìmọ̀ràn kún un pé kí a yí orúkọ fáìlì wa padà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, kò gbọdọ̀ sí àlàfo tàbí àmì `-` nínú orúkọ. `ile-ede` dà bí ìyọkúrò lójú Python, pé kí a yọ `ede` kúrò lára `ile`. `ile_ede` ni kó kọ.

Ìkẹta kan àwa Yorùbá gan-an. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní ọdún 2008 ni a ti lè fi lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ kọ orúkọ nínú kódù. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n fún orúkọ fáìlì àti fódà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹra fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ẹ́ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ó lè tọ́jú ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kó wá fi àmì ohùn lé e. Ó sì lè tọ́jú e lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Python máa ń sọ orúkọ tó wà nínú kódù di oríṣi kan, ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì á wà bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, a ó tún bá `ModuleNotFoundError` pàdé.

Kò wá túmọ̀ sí pé kí a bọ́ àmì kúrò lára èdè wa o. Nínú ọ̀rọ̀ tí ètò náà ń fi han ènìyàn, kí gbogbo àmì pé. Ohun tó yẹ ni kí ọmọ mú ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ àti ìdáhùn tó wà nínú ètò gba inú `unicodedata.normalize("NFC", idahun)` kó tó fi wọ́n wéra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ kékeré á tẹ "ẹ kú iṣẹ́" dáadáa, kọ̀ǹpútà á sọ pé kò gbà á. Ẹni ọdún 7 tí wọ́n sọ fún pé Yorùbá rẹ̀ kò dára nígbà tó dára, ṣé yóò tún fẹ́ sọ ọ́?

Méjì tó ń dúró de ara wọn

Ìṣòro kan kù tí fódà máa ń bí. `owuro` nílò `kika` láti sọ máàkì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ á fẹ́ kí `kika` náà lo ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà nínú `owuro`, bíi "O káre". `owuro` á pe `kika`, `kika` á ní òun kò lè parí àyàfi bí `owuro` bá parí. Bíi ẹni méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró tí kálukú ń sọ pé, "Ẹ kọ́kọ́ kọjá, ẹ̀gbọ́n." Python á mẹ́nu ba `circular import`.

Kì í ṣe ìjà tó yẹ ká parí nípa fífi `import` pamọ́ síbì kan nínú fáìlì. Ó ń fi hàn pé nǹkan kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń lò, tó wá wà nínú yàrá ẹnì kan. Ẹ ní kí ọmọ kó àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn náà jáde sí fáìlì kẹta, `ile_ede/oro.py`, kí àwọn méjèèjì máa wá mú un níbẹ̀. Kànga tí gbogbo agbo ilé ń pọn, a kì í gbẹ́ ẹ sínú yàrá ẹnì kan.

Ìbéèrè mẹ́ta fún òbí tí kò mọ kódù

Bí ọmọ bá pariwo pé Python kò rí fáìlì òun, ẹ má sọ pé "èmi ò mọ̀ nípa ìyẹn, lọ bá olùkọ́ rẹ." Ẹ fa àga, ẹ jókòó, ẹ fi Yorùbá bi í:

*Níbo lo dúró sí nígbà tí o pè é?* Ìdáhùn tó dára ni pé gbàgede ni, lókè agbo ilé, pẹ̀lú `-m`.

*Kí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún?* Kó ka `import` náà sókè: agbo ilé, ojúlé, ènìyàn. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé, kó tún un kọ.

*Ṣé ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ yẹn?* Kó wò ó bóyá orúkọ fáìlì rẹ̀ ti dínà mọ́ irinṣẹ́ Python kan.

Ẹ ó rí i pé ìbéèrè mẹ́ta yìí á tú ọ̀pọ̀ sílẹ̀ nínú wàhálà yẹn. Ẹ ó tún rí nǹkan kejì. Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé èdè wa wà fún ìkíni, oúnjẹ àti ìbáwí, pé iṣẹ́ gidi, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín. Ọmọ tó bá ti fi agbo ilé àti ojúlé tú ìṣòro kọ̀ǹpútà ká kò ní tètè gba ìyẹn gbọ́ mọ́. Kò sí ìwàásù tó lè kọ́ ọ ní èyí bí ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹ jọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, bí ọmọ yín bá ní fáìlì Python kan tó ti gùn jù, ẹ ní kí ẹ jọ pín in sí ojúlé méjì péré. Ẹ kọ orúkọ agbo ilé náà sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kó pe orúkọ kíkún jáde lẹ́nu, kó tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ ìbéèrè tí ẹ ó bi í.